Ìkíni Tí Mo Gé Kúrò

Èmi kì í fẹ́ ọ̀rọ̀ gígùn. Ẹni tó bá bá mi gbé fún ọjọ́ méjì á ti mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ọgbọ̀n ọdún ni mo fi ṣe sẹ́kítírì ní ọ́fíìsì ìjọba ní Òṣogbo. Bí ọ̀gá bá ti ń sọ ọ́ ni mo ti ń kọ ọ́, ibi tó bá sì ti ń fi ọ̀rọ̀ ṣòfò, mo máa ń fò ó ni. Ìwé tí mo bá tẹ̀ jáde máa ń kúrú ju ohun tí ọ̀gá sọ lọ. Wọ́n á wò ó, wọ́n á ní ohun tí àwọn fẹ́ sọ gan-an nìyẹn. Mo gbé ìwà yẹn dání wá sílé nígbà tí mo fẹ̀yìn tì. Àwọn ọmọ mi kì í pẹ́ lórí fóònù pẹ̀lú mi, torí wọ́n mọ̀ pé tí wọ́n bá ti kí mi lẹ́ẹ̀kan, màá ní, "Ó dáa, kí ló dé?"

Ọmọ mi obìnrin ló fi mí sínú ẹgbẹ́ náà. Ó ní kí n má baà máa dá jókòó sílé mi ní Dàda Estate, kí n máa bá àwọn ará àdúgbò jà lórí ibi tí wọ́n ń da pàǹtí sí. Ẹgbẹ́ àwọn tó ń yọ̀ǹda ara wọn láti ran ènìyàn lọ́wọ́ ni, ṣùgbọ́n orí ayélujára ni gbogbo rẹ̀ wà. A ò ní gbọ̀ngàn ìpàdé. Ọ̀pọ̀ nínú wa ò tíì fojú kan ara wa rí. Agogo márùn-ún ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú la máa ń pàdé lórí fóònù, nígbà tí èmi ti kírun Aláàsárì tán, tí àwọn onígbàgbọ́ inú wa náà sì ti sinmi díẹ̀ lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì.

Ohun tó kọ́kọ́ bí mi nínú níbẹ̀ ni ìkíni. Hẹ́dimásítà tó ti fẹ̀yìn tì ni alága wa, ọmọ Ìbòkun ni wọ́n, ibẹ̀ náà ni wọ́n sì ń gbé. Bàbá yìí á kí wa lọ́kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú ohùn Ìjẹ̀ṣà tí èmi ọmọ Òṣogbo kì í gbọ́ tán. Wọ́n á béèrè ẹsẹ̀ tó ń dun ẹnì kan, wọ́n á béèrè ọmọ ẹlòmíràn tó rin ìrìn àjò, wọ́n á tún béèrè bóyá òjò rọ̀ lọ́dọ̀ ẹnì kẹta. Ẹni tí wọ́n bá kí náà á bẹ̀rẹ̀ sí í kí àwọn yòókù. Mo máa ń gbé fóònù sórí tábìlì, màá lọ ṣa ẹ̀wà. Tí mo bá padà dé, wọ́n ṣì ń kí ara wọn kú òtútù.

Lọ́jọ́ kan mo ní, "Alága, ṣé a lè bẹ̀rẹ̀ ìpàdé báyìí?"

Bàbá rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní, "Ìyáàfin, a ti bẹ̀rẹ̀ láti ìgbà tí ẹ ti wọlé."

Mo rò pé wọ́n ń fi mí ṣẹ̀fẹ̀ ni. Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, wọ́n fi mí ṣe akọ̀wé ẹgbẹ́, bóyá torí pé èmi ni mo ń kùn jù.

Iṣẹ́ tí a gbájú mọ́ nígbà tí mò ń sọ yìí ni ti obìnrin olùkọ́ kan ní Iléṣà. Kò tíì pé ẹni ogójì ọdún. Àìsàn kan ló gba ìríran rẹ̀ díẹ̀díẹ̀ nígbà tó ti dàgbà, kò sì tíì mọ ìwé àwọn afọ́jú tí wọ́n ń fi ìka kà dáadáa. Ilé-ìwé aládàáni kan ló ti ń kọ́ àwọn ọmọ kéékèèké ní orin àti ìtàn, àwọn ọmọ náà sì fẹ́ràn rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó ni ilé-ìwé ti sọ fún un pé olùkọ́ tí kò bá ní ìwé ẹ̀rí kò ní lè dúró mọ́, pé tí kò bá yege ìdánwò olùkọ́ lọ́dún náà, òun á fi ẹlòmíràn sí ipò rẹ̀. Ìwé mẹ́rin ló gbọ́dọ̀ mọ̀ fún ìdánwò yìí. Wọ́n á fún un ní ẹni tí yóò máa bá a kọ ìdáhùn sílẹ̀ lọ́jọ́ náà, ṣùgbọ́n kò ní ẹni tí yóò bá a ka ìwé mẹ́rin kí ọjọ́ náà tó dé. Ìyẹn ni ẹgbẹ́ wa gbà láti ṣe. Iṣẹ́ oòjọ́ rẹ̀ wà lọ́wọ́ wa.

A pín ìwé náà láàárín ara wa. Alága mú ìtàn ẹ̀kọ́. Obìnrin aláró kan ní ìgboro Òṣogbo, tó kàwé gboyè kó tó jókòó ti iṣẹ́ ìyá rẹ̀, mú ìwé èdè Gẹ̀ẹ́sì. Ọkùnrin kan tó ń ta páàtì mọ́tò ní oríta Iwaraja mú bí a ṣe ń kọ́ ọmọdé ní ìṣirò. Èmi mú èyí tó sọ nípa ọkàn ọmọdé àti bó ṣe ń dàgbà. Olúkúlùkù á máa kà á sínú fóònù, ìṣẹ́jú mẹ́wàá mẹ́wàá, á sì fi fóìsì náà ránṣẹ́ sí gúrúùpù kékeré kan tí a dá sílẹ̀ fún un. Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi kọ gbogbo ìwé náà, ṣùgbọ́n àwọn ènìyàn mi ò lè ka Gẹ̀ẹ́sì sí ẹni ẹlẹ́ni létí láìkọ́kọ́ fi Yorùbá kí i.

Alága á ní, "Olùkọ́ wa, ẹ kú ọ̀rinrin o. Ìkùukùu ò jẹ́ ká rí ojú ọ̀nà níbí láàárọ̀ yìí. Ṣé ẹ da aṣọ bora?" Wọ́n á wú ikọ́ díẹ̀ kí wọ́n tó ṣí ìwé. Aláró á ní, "Àsàláàmù aléékùn, àǹtí olùkọ́. Ẹ kú ọjọ́ Jímọ̀. Ẹ wo bí ọwọ́ mi ṣe dúdú." Á wá rántí pé ẹni tí òun ń bá sọ̀rọ̀ ò ríran, á bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀bẹ̀, á tún máa rẹ́rìn-ín. Ti ará Iwaraja ló burú jù. Ibi tó bá ti ń kí i lọ́wọ́ ni tírélà á ti fọn fèrè kọjá, á dá awakọ̀ lóhùn, á sọ fún olùkọ́ wa pé Àkúrẹ́ lọkọ̀ yẹn ń lọ, pé ẹrù rẹ̀ ti wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ìṣẹ́jú mẹ́ta ti lọ nìyẹn, kò tíì ka ẹyọ ọ̀rọ̀ kan.

Èmi ò ṣe irú rẹ̀. Màá ní, "Orí kìíní," mo ti wọ inú ìwé. Tí ìṣẹ́jú mẹ́wàá bá pé, màá dúró níbi tí mo bá dé, fóìsì tó tẹ̀ lé e á sì bẹ̀rẹ̀ láti ibẹ̀, àní kó jẹ́ àárín gbólóhùn. Inú mi dùn sí i. Mo rò pé èmi nìkan ni mò ń bọ̀wọ̀ fún àkókò obìnrin náà.

Nígbà tó yá, olùkọ́ wa sọ lórí gúrúùpù, pẹ̀lú ọ̀pọ̀lọpọ̀ àforíjì, pé fóònù òun ń sọ pé àyè inú rẹ̀ ti kún. Àyè tí mo ti ń wá nìyẹn. Mo ní kí ọmọ mi kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń gé fóìsì. Mo fi ọ̀sẹ̀ kan gbáko jókòó tì í lẹ́yìn oúnjẹ àárọ̀, mo fi gíláàsì sójú, mo gé gbogbo ẹ kú ọ̀rinrin, ẹ kú ọjọ́ Jímọ̀, tírélà àti ikọ́ alága. Ìwé nìkan ló ṣẹ́ kù. Mo kó gbogbo rẹ̀ ránṣẹ́ sí i bó ṣe mọ́, mo sì kọ ọ́ sí gúrúùpù pé kí gbogbo wa nu àwọn ti àtẹ̀yìnwá kúrò kí wọ́n má baà máa gba àyè. Mo tún fi ìkìlọ̀ kan sí i: láti òní lọ, ẹni tó bá fẹ́ kàwé kó kàwé, kí ìkíni dúró di ọjọ́ Àìkú.

Wọ́n ṣe bí mo ti wí. Ará Iwaraja kàn ní, "Sẹ́kítírì wa, ẹ ti fi sísọ́ọ̀sì gé wa lẹ́nu." Olùkọ́ wa dáhùn pé, "Ẹ ṣé gan-an, mà. Ọlọ́run á fún yín ní àlàáfíà." Mo ka ìdáhùn yẹn lẹ́ẹ̀mejì, torí ó dùn mọ́ mi.

Ó ku ọjọ́ méjìlá kí ìdánwò bẹ̀rẹ̀ nígbà tí mo lọ sí Iléṣà. Ìbátan mi kan ló bímọ níbẹ̀, mo lọ kí i, mo sì rò pé kí n yà sọ́dọ̀ olùkọ́ wa. Kí n má purọ́, mo fẹ́ kó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi lójúkojú. Mo bá a ní pálọ̀ rẹ̀, ó gbé fóònù lé itan, ó ti okùn rẹ̀ bọ etí kan. Bó ṣe gbọ́ ohùn mi ló dìde, ó kúnlẹ̀. Ó bu omi fún mi mu. Mo jókòó, mo bi í pé ibo ló kàwé dé.

Ó ní, "À ń bá a bọ̀, mà."

Mo ní kó jẹ́ kí n gbọ́ díẹ̀ nínú ohun tí alága kà, kí n lè mọ̀ bóyá ohùn wọn mọ́ lórí fóònù rẹ̀. Ó tẹ ọ̀kan. Ará Iwaraja ló ń sọ̀rọ̀, ó ti dé àárín ìṣirò. Ó tẹ òmíràn, aláró ni. Ó tẹ òmíràn, ará Iwaraja tún ni. Fóònù rẹ̀ kì í ka nǹkan mìíràn fún un ju pé fóìsì ni, ìṣẹ́jú mẹ́fà, fóìsì ni, ìṣẹ́jú méje. Mo jókòó níbẹ̀, mò ń wo ìka rẹ̀. Ó tẹ̀ tó mọ́kànlá kó tó kan alága, nígbà tó sì kàn wọ́n, apá tí kò wá ni. Òógùn ti bo iwájú orí rẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní kí n máà bínú.

Mo ní, "Ṣé bó o ṣe ń wá a nìyí láti ọjọ́ yìí?"

Ó fi etí aṣọ nu òógùn rẹ̀. Mo tún bi í, mo fi ohùn tí mo máa ń fi bá àwọn mẹ́sẹ́ńjà sọ̀rọ̀ ní ọ́fíìsì bi í, kó tó sọ òótọ́. Ó ní nígbà tí ìkíni ṣì wà níbẹ̀, òun kì í wá nǹkan. Tí òun bá ti tẹ̀ ẹ́, tí alága bá ní ẹ kú ọ̀rinrin, tí wọ́n béèrè aṣọ, òun mọ̀ pé ibi tí wọ́n ti sọ̀rọ̀ àwọn ilé-ìwé àkọ́kọ́ nìyẹn. Èyí tí wọ́n ti kí òun kú òjò ni apá kejì ìtàn náà. Ọjọ́ Jímọ̀ aláró ni bí a ṣe ń kọ lẹ́tà, ọjọ́ tó sọ pé aró ta sí òun lójú ni àmì gbólóhùn. Tírélà Àkúrẹ́ ni ìdá nínú ìṣirò, tírélà tó dúró bi ará Iwaraja ní ọ̀nà ni ìsọdipúpọ̀. Gbogbo ìwé náà ló ti tò sórí báyẹn. Ó ní òun á ti máa dá wọn lóhùn níbi tí òun jókòó sí kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í kà, àní òun ti mọ bí wọ́n ṣe ń dá sàláàmù aláró padà.

Ara mi gbóná. Mo ní, "Kí ló dé tí o ò sọ?"

Ó ní, "Ọ̀fẹ́ lẹ ń ṣe é fún mi, mà. Ṣé kí n tún wá máa sọ bí ẹ ó ṣe ṣe é ni?"

Mo gbé ife omi náà, mo mu díẹ̀. Mo wá bi í pé tèmi ńkọ́, èyí tí mo kà.

Kò fi àkókò ṣòfò rárá. Ó ní, "Tiyín dáa, mà. Ó mọ́ tónítóní."

Ọkàn mi balẹ̀ díẹ̀. Ó kéré tán, mo ṣe ọ̀kan dáadáa. Tèmi ò ní ìkíni láti ìbẹ̀rẹ̀, mi ò sì gé nǹkan kan kúrò nínú rẹ̀. Mo mu omi mi tán, mo dágbére.

Mi ò dúró de ọjọ́ Àìkú. Inú ọkọ̀ tó ń gbé mi padà sí Òṣogbo ni mo ti kọ ọ́ sí gúrúùpù àwa tí à ń kàwé pé mo ti ṣe àṣìṣe, mo sì ṣàlàyé bó ṣe jẹ́. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí mo kọ irú rẹ̀ láti ìgbà tí wọ́n ti gbà mí síṣẹ́ ìjọba. Ojú tì mí. Mo rò pé wọ́n á fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Ará Iwaraja ní, "Ẹ má ṣe ìyọnu, Sẹ́kítírì. Ẹnu wa ṣì wà níbẹ̀, ó ti hù padà." Alága pè mí fúnra wọn. Wọ́n béèrè bí ọ̀nà ṣe rí, wọ́n béèrè ọmọ tuntun tí mo lọ kí, wọ́n béèrè bóyá mo ti jẹun. Lọ́jọ́ yẹn, mo dá wọn lóhùn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìgbà tí a parí ìyẹn ni wọ́n tó sọ ohun tí a máa ṣe.

Àwọn ìkíni ti àkọ́kọ́ kò sí mọ́. Gbogbo wa la ti nù wọ́n kúrò bí mo ti pàṣẹ. Ohun tí a ṣe ni pé olúkúlùkù padà sídìí ìwé tirẹ̀, wọ́n tún kí olùkọ́ wa lákọ̀tun fún fóìsì kọ̀ọ̀kan, a sì ń lẹ ìwé tí wọ́n ti kà mọ́ ìdí ìkíni náà. Olùkọ́ wa rán wọn létí ohun tí wọ́n sọ nígbà àkọ́kọ́, torí òun ló rántí. Ó ní, "Alága, èyí yìí lẹ ti béèrè aṣọ." Bàbá á tún béèrè aṣọ. Ará Iwaraja lọ dúró sí etí títì títí tírélà fi fọn fèrè fún un. Ọjọ́ márùn-ún ni wọ́n fi ṣe é. Èmi ni mo ń tò ó, èmi ni mo ń fi ránṣẹ́, mo sì ń rò ó lọ́kàn pé ọpẹ́lọpẹ́ pé tèmi ò nílò àtúnṣe.

Ìdánwò wá, ó kọjá. A gbàdúrà fún un lórí fóònù, alága ní orúkọ Jésù, èmi àti aláró ní tiwa. Ó lé ní oṣù méjì kí èsì tó jáde.

Ọ̀sán ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan ló pè mí. Ó ní ẹ káàsán, mà. Ó ní ẹ kú ooru. Ó ní báwo ni eegun, ó ní òun gbọ́ ọ lẹ́nu alága pé orúnkún ń dùn mí. Ó béèrè àwọn ọmọ mi. Ó béèrè ọmọ tuntun tí mo wá kí ní Iléṣà, ó ní á ti máa rẹ́rìn-ín báyìí. Tẹ́lẹ̀, ǹ bá ti ní, "Ó dáa, kí ló dé?" Ṣùgbọ́n bó ṣe ń kí mi ni àyà mi ń já, torí kò sí ẹni tó ní ìròyìn ayọ̀ lẹ́nu tó máa rọra kí ènìyàn tó báyẹn. Mo dá a lóhùn gbogbo rẹ̀. Mi ò fẹ́ kó tán.

Ìgbà tó tán, ó ní òun yege mẹ́ta. Ó ní ó ku ọ̀kan.

Mo ní, "Èwo?"

Ó tún bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè orúnkún mi.

Mo ní, "Ṣé ìwé ọkàn ọmọdé ni? Ṣé èyí tí mo kà ni?"

Ó ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

Mo bi í pé ẹ̀ẹ̀melòó ló gbọ́ ọ. Ó ní ẹ̀ẹ̀kan. Mo ní kí ló dé. Ó kọ́kọ́ sọ pé òun kì í mọ èyí tó ṣáájú àti èyí tó tẹ̀ lé e. Mo ní ṣé ìyẹn nìkan ni. Ó wá ní, "Ẹ máà bínú, mà. Bẹ́ẹ bá ti bẹ̀rẹ̀ báyìí, mo máa ń rò pé inú ń bí yín sí mi, pé mo ti ń yọ yín lẹ́nu jù. N kì í lè fọkàn sí i."

Mo jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì. Mo rántí bó ṣe sọ pé tèmi mọ́ tónítóní, àti bí ọkàn mi ṣe balẹ̀ bí òmùgọ̀. Mo bi í ní ti ilé-ìwé. Ó ní wọ́n ti fi ẹlòmíràn sí i láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ó ní àwọn ọmọ náà sunkún díẹ̀. Ó sọ ọ́ jẹ́jẹ́, bí ẹni pé èmi ni nǹkan ṣe. Mo ní èmi ni mo jẹ̀bi. Ó ní rárá o, mà, kí n má sọ bẹ́ẹ̀. Mo ní èmi ni.

Ó ní òun á tún un ṣe lọ́dún tó ń bọ̀, ẹyọ kan yẹn nìkan. Ó ní, "Ṣé ẹ máa lè bá mi kà á lẹ́ẹ̀kan sí i?"

Mo ní màá kà á. Kò gbé fóònù sílẹ̀.

Mo wá ní, "Ilé ńkọ́?"

Ó ní, "A dúpẹ́, mà."

Bí gbogbo ènìyàn ṣe ń dáhùn nìyẹn, ibẹ̀ sì ni mo ti máa ń kọjá sí ọ̀rọ̀ mìíràn. Mo tún bi í. Mo ní, "Ilé ńkọ́, ọmọ mi? Ta ni ẹ jọ ń gbé?"

Ó ní ìyá òun ni. Ó ní wọ́n ṣubú nínú balùwẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ ìdánwò gan-an, ẹsẹ̀ wọn ò sì tíì na, òun ló ń gbé wọn dìde láàárọ̀. Ó lé ní oṣù márùn-ún tí mo fi ń kàwé sí ọmọ yìí létí. Mo ti dé ilé rẹ̀, mo ti jókòó ní pálọ̀ rẹ̀, mo ti mu omi rẹ̀. Mi ò mọ̀ pé ìyá rẹ̀ wà nínú yàrá kejì.